Kíkàwé fún WAEC àti NECO láti ilé: bí ẹ ṣe lè ṣe é yọrí láìní tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́

Fọ́ọ̀mù GCE, ìyẹn ìdánwò WAEC tàbí NECO fún ẹni tí kò sí níléèwé, kò ṣòroó rà. Iṣẹ́ wà nínú oṣù mẹ́fà tó wà láàárín ọjọ́ tí èèyàn pinnu àti ọjọ́ tó máa wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi kí n tó yege. Lákọ̀ọ́kọ́, D7 ni mo gbà nínú Ìṣirò, mo gba E8 nínú Gẹ̀ẹ́sì, méjèèjì ò tó kírédíìtì. Lẹ́ẹ̀kejì, Gẹ̀ẹ́sì gòkè díẹ̀ sí D7, Ìṣirò ò kúrò níbi tó wà. Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Télọ̀ ni mí, tí mo bá ti rán aṣọ tán lálẹ́, ìwé ni mò ń kà títí NEPA á fi mú iná lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ni mò ń kà á: ojú ń lọ, orí ń mì, ọwọ́ ò kọ nǹkan kan. Títí WAEC fi máàkì ìwé mi, kò sẹ́ni tó ti máàkì ohunkóhun tí mo kọ rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ti ń kùnà. Ọmọ iléèwé ní tíṣà tó máa fi bírò pupa fa igi sí i níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹni tó ń fi fóònù kẹ́kọ̀ọ́ ò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, ó sì ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Torí náà, nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè kan: ta ló ń máàkì iṣẹ́ mi?

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni:

- NIN yín, nọ́ńbà fóònù kan àti ímeèlì kan tí ẹ̀yin fúnra yín ni, tí kò sì ní yí padà títí èsì á fi jáde.
- Sílábọ́ọ̀sì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan (ìyẹn subject) tí ẹ fẹ́ ṣe. Ti ìdánwò tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an ni kí ẹ wá, ẹ má gba ti ẹ̀gbọ́n yín tó jáde ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.
- Ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí past question, ó kéré tán ti ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ìdáhùn.
- Ìwé kíkà kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan péré. Ẹni tó ra mẹ́ta kì í parí ìkankan.
- Fóònù tó lè gba dátà, àti ohun tí ẹ máa fi gbọ́ ohùn sétí.
- Ìwé ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan lọ́tọ̀ tí ẹ máa pè ní ìwé àṣìṣe. Bírò pupa. Rúlà, kọ́ńpáàsì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Aago.
- Èèyàn kan tó máa máàkì iṣẹ́ yín. Kò pọn dandan kó jẹ́ tíṣà yunifásítì. Ti tèmi, kọ́pà kan ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbé. Mo ń bá a dín aṣọ káńkí rẹ̀ kù, òun náà ń máàkì létà mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wà nílẹ̀ tí ẹni tó máa máàkì ò sí, ẹ ò tíì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó yan iṣẹ́

Kírédíìtì márùn-ún ni gbogbo èèyàn ń pariwo, ṣùgbọ́n márùn-ún wo? Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics. Ẹni tó fẹ́ kọ́ òfin, wọ́n á bi í léèrè Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà ìṣirò owó gbọ́dọ̀ wá Economics sí i. JAMB ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní IBASS, tí wọ́n kó ohun tí yunifásítì àti pólì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí. Ẹ lọ wo ti ilé ẹ̀kọ́ tí ọkàn yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé yín. Ẹni tó ń fojú sí NOUN, yunifásítì ìjọba tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, kò nílò ìdánwò JAMB, àmọ́ kírédíìtì márùn-ún náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba dìgírì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ìdánwò. WAEC ń ṣe ti àwọn tí kò sí níléèwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: èyí àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí oṣù kìíní sí ìkejì, ìkejì sì máa ń wáyé ní apá ìparí ọdún. Ti NECO máa ń bọ́ sí oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fojú kéré NABTEB tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìlú Bìní: ẹ lè ṣe ìdánwò lórí iṣẹ́ tí ẹ ti mọ̀, bí aṣọ rírán tàbí mẹkáníìkì, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ká ní ẹnì kan ti sọ èyí fún mi ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni!

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan nípa èdè Yorùbá. Tí ibi tí ẹ ń lọ bá gbà á, ẹ mú un, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé nítorí pé ẹ ń sọ ọ́ nílé, ẹ ti yege. Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò lè pín «gbàgede» sí sílébù kó sì fi àmì ohùn sí i, bó ti wù kó mọ òwe tó, máàkì máa fò ó.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: fífi mẹ́sàn-án forúkọ sílẹ̀ «kó lè jẹ́ pé márùn-ún á kúkú bọ́ síbẹ̀». Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, mẹ́sàn-án á pín agbára yín sí wẹ́wẹ́. Ẹ mú ohun tí ẹ nílò, kí ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì tì í.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè sọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ kọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ márààrún tí wọ́n ń béèrè láìwo ìwé? Ṣé ẹ sì ti mọ̀ bóyá wọ́n ń gba èsì ìdánwò méjì pọ̀, tàbí ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà? Tí ẹ ò bá tíì mọ èyí ìkẹyìn, ẹ padà síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò kí ẹ tó sanwó

Mo sanwó fún ètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan rí. Wọ́n ní tíṣà mẹ́wàá, wọ́n ní kíláàsì lálaalẹ́. Ohun tí mo rí gbà ni ìwé PDF kan tó tó ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé, àti gúrúùpù WhatsApp tí àwọn èèyàn ti ń kí ara wọn ẹ káàárọ̀. Nígbà tí mo béèrè pé ta ló máa wo ìdáhùn mi, wọ́n ní kí n lọ máa gbàdúrà.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè mẹ́rin:

Àkọ́kọ́, ṣé orí sílábọ́ọ̀sì WAEC tàbí NECO ti ọdún yìí ni wọ́n ń tẹ̀ lé? Ẹ mú orí-ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú sílábọ́ọ̀sì ọwọ́ yín, kí ẹ wá wọn nínú ètò náà. Tí ẹ ò bá rí méjì nínú mẹ́ta, ẹ kọjá lọ.

Èkejì, ta ló ń máàkì, ọjọ́ mélòó ló sì ń gbà kí iṣẹ́ tó padà? Ìdáhùn tí kọ̀ǹpútà ń máàkì fúnra rẹ̀ dára fún ìbéèrè a, b, c, d, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn kò lè sọ fún yín pé létà yín kò ní orí, kò sì ní ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í bẹ̀rù ìtọ́wò.

Ẹ̀kẹrin, kí ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ́: kò sí. Iṣẹ́ wọn ni láti múra yín sílẹ̀, WAEC, NECO tàbí NABTEB ló ń fúnni níwèé ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní òun máa fún yín ní «dípúlọ́mà» iléèwé gíga láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó yín ló ń wá.

Ohun ọ̀fẹ́ tún wà tí àwọn èèyàn ń fò kọjá. WAEC ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ìjábọ̀ àwọn olórí olùmáàkì sí, ọdún lẹ́yìn ọdún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìbéèrè tí àwọn èèyàn sá fún, àṣìṣe tó pọ̀ jù, àti ohun tí àwọn ń retí. Fún mi, ìjábọ̀ yẹn wúlò ju kíláàsì tí mo sanwó fún lọ. Khan Academy dára fún Ìṣirò, ọ̀fẹ́ sì ni. Nigeria Learning Passport ní ẹ̀kọ́ tí ẹ lè gbà sílẹ̀ kí ẹ máa kà nígbà tí dátà bá tán. Àwọn tó ní owó díẹ̀ lè wo uLesson. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ka létà yín, torí náà ẹ ṣì nílò ẹni bíi kọ́pà yẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti rán iṣẹ́ kan lọ, ó ti padà pẹ̀lú àlàyé ibi tí ẹ ti ṣìnà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ má san ju owó oṣù kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka wákàtí

«Mo máa kàwé lójoojúmọ́» kì í ṣe ètò. Ẹ mú bírò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú bí oṣù mẹ́fà. Tí ẹ bá lè rí wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, 240 wákàtí nìyẹn. Ẹ fún Gẹ̀ẹ́sì ní 70, Ìṣirò ní 70. Ó ku 100 fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, bíi 33 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wá ní mẹ́sàn-án lẹ fẹ́ ṣe, ẹ pín 100 sí méje kí ẹ wo ohun tó kù.

Wákàtí mẹ́wàá yẹn, ibo ló wà? Tèmi: aago márùn-ún sí mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ márùn-ún, kí àwọn oníbàárà tó máa kanlẹ̀kùn. Mẹ́ta ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Méjì ní ọjọ́ Sátidé, èyí tí mo fi ń jókòó ti kọ́pà. Mi ò fi alẹ́ sí i, torí mo ti mọ̀ pé lálẹ́ mo máa sùn sórí ìwé. Lásìkò ọdún Iléyá àti Kérésì, télọ̀ kì í ráyè mí, torí náà mo ti yọ ọ̀sẹ̀ méjì kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀yin náà mọ àsìkò tí iṣẹ́ yín máa ń le. Ẹ yọ ọ́ ná.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ara á kọ̀, ìtìjú á sì jẹ́ kí èèyàn pa ìwé tì pátápátá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ka wákàtí tí ẹ lò gan-an. Tó bá jẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ẹ má bú ara yín. Ẹ dín iye subject kù, tàbí kí ẹ sún ìdánwò sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ọwọ́ kàwé

Bí mo ṣe ń ṣe orí-ọ̀rọ̀ kan nìyí: mo ń ka ẹ̀kọ́ náà tàbí wo fídíò rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń pa ìwé dé. Mo ń ṣe ìbéèrè mẹ́fà nínú past question láìwo ìdáhùn. Ìgbà tí mo bá parí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo tó ń ṣí ìdáhùn, pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́.

Ẹ wo èyí tó dùn mí jù. Ìbéèrè ni pé wọ́n ra aṣọ kan ní ₦8,000, wọ́n tà á ní ₦9,200, kí ni èrè náà lórí ọgọ́rùn-ún? Èrè jẹ́ ₦1,200, ìyẹn ò ṣòro. Mo wá fi 9,200 pín in, mo rí 13.04. Ìdáhùn inú ìwé jẹ́ 15, torí 8,000 ló yẹ kí n fi pín in. Èmi tí mò ń ra aṣọ tí mo sì ń tà! Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe àṣìṣe yìí láìmọ̀, nítorí pé tí mo bá ti ń ka ìdáhùn inú ìwé, mo máa ń sọ pé «bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni», mo sì ń ṣí ewé.

Inú ìwé àṣìṣe ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wọ̀. Gbólóhùn kan péré: «Orí iye tí a rà á ni a ti ń wo èrè, kì í ṣe orí iye tí a tà á.» Mo kọ ìbéèrè náà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo tún un ṣe, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo tún un ṣe, lẹ́yìn oṣù kan bákan náà. Tí mo bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fa igi lé e.

Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ yín sílẹ̀ nínú Ìṣirò, ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ẹ gbà dé ìdáhùn ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ ìdáhùn lásán tó sì ṣì í ti pàdánù ohun gbogbo. Ẹ tún mọ bí ìwé kejì (Paper 2) ti Ìṣirò WAEC ṣe rí: ìbéèrè mẹ́tàlá, wákàtí méjì àbọ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ pọn dandan, 40 máàkì ni. Ẹ ó mú márùn-ún nínú mẹ́jọ yòókù fún 60. Àwọn olùmáàkì ń kígbe lọ́dọọdún pé àwọn èèyàn ń sá fún jọ́métírì, pàápàá ti òbírí, wọn ò sì lè sọ ìbéèrè elédè di ìṣirò. Ohun tí ogunlọ́gọ̀ ń sá fún, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó tì í.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti parí orí-ọ̀rọ̀ kan tí ẹ bá gba márùn-ún nínú mẹ́fà lórí ìbéèrè tí ẹ ò rí rí. Pé ó yé yín nígbà tí ẹ ń wo fídíò kò kà.

Ìgbésẹ̀ 5: Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Yorùbá ti ń dí wa lọ́wọ́

Ìwé mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Ìkíní, ìbéèrè a, b, c, d 80, fún wákàtí kan, 40 máàkì. Ìkejì, wákàtí méjì: àròkọ 50 máàkì, àyọkà (comprehension) 20, ìkékúrú (summary) 30. Ìkẹta, ohùn èdè (oral), ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú 45, 30 máàkì. Ẹ wò ó dáadáa: ohùn èdè ní máàkì ju àyọkà lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n kì í kà.

Fún ìwé ìkẹta, etí Yorùbá ni ọ̀tá, òun náà ló sì lè ṣe olùrànlọ́wọ́. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá. «Video» di fídíò, torí a ò ní ohùn àkọ́kọ́ yẹn. «Teacher» di tíṣà, «church» di ṣọ́ọ̀ṣì. «Zip» tí mò ń rán sí ẹ̀yìn gáùn di síìpù. «Thursday» di Tọ́sìdeè. «Cup» di kọ́ọ̀bù, torí náà létí wa «cut» àti «cot» ò yàtọ̀. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà kó tó wọlé wa ni wọ́n ti máa ń bi wá léèrè. Mo kó ogójì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, mo fi fóònù gbọ́ bí ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń pè wọ́n, èmi náà ń pè é tẹ̀ lé e nídìí máṣíìnì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé orí mi ti dàrú. Ti ìtẹnumọ́ náà wà níbẹ̀: a ń gbé ohùn sórí sílébù kọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ibi tó bá sì tẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àròkọ: bíi 450 ọ̀rọ̀. Máàkì rẹ̀ pín báyìí: ohun tí ẹ sọ 10, ètò rẹ̀ 10, bí ẹ ṣe lo èdè 20, sípẹ́lì, gírámà àti àmì 10. Kọ́pà mi gba létà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, bírò pupa rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ti kọ «My father said they will come», torí bàbá ni mò ń bọ̀wọ̀ fún. Mo kọ «I heard the smell», torí a máa ń gbọ́ òórùn. Ní ìpínrọ̀ kejì, màmá mi ti di «he», torí «ó» kan náà ni gbogbo wa. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ìwé gírámà tó wà lọ́wọ́ mi sọ. Ẹni tó ka létà mi ló sọ ọ́.

Torí náà: àròkọ kan lọ́sẹ̀, àádọ́ta ìṣẹ́jú, aago níwájú. Kí ẹnì kan máàkì í. Kí ẹ tún un kọ. Títún kọ ni iṣẹ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ kì í sì ṣe é.

Nínú ìkékúrú, gbólóhùn tó pé ni kí ẹ fi dáhùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ má gbé ìlà odindi láti inú àyọkà, wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi àròkọ ọ̀sẹ̀ kìíní àti ti ọ̀sẹ̀ kẹjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí irú àṣìṣe kan náà bá ṣì wà nínú méjèèjì, ẹ ò tún àwọn ti àárín kọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí ẹ bá ń ṣe sáyẹ́ǹsì

Mo máa kúrú níbí, torí kì í ṣe ọ̀nà tèmi. Nínú Physics, Chemistry àti Biology, WAEC ní ìwé kan tí wọ́n fi rọ́pò iṣẹ́ yàrá ìwádìí fún ẹni tí kò sí níléèwé. Wọ́n á ya àwòrán ẹ̀rọ tàbí ohun abẹ̀mí, ẹ̀yin á ka ìwọ̀n lára rẹ̀, ẹ ó kọ ohun tí ẹ rí, ẹ ó ya gíráàfù. Ìwé yẹn wà nínú past question, ẹ wá a. Ẹni tó bá ka ìwé sáyẹ́ǹsì tán tí kò ya gíráàfù ogún pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kò tíì múra.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìforúkọsílẹ̀

Káfẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe é, káfẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń bà á jẹ́.

Ẹ kọ orúkọ yín sórí pépà kí ẹ tó jókòó ti ọmọ káfẹ̀, bó ṣe wà lórí NIN àti ìwé ọjọ́ ìbí, lẹ́tà sí lẹ́tà. «Abiodun» àti «Biodun» kì í ṣe ẹnì kan náà lójú yunifásítì. Ẹ má jẹ́ kó fi nọ́ńbà tàbí ímeèlì tirẹ̀ sí i «kó lè yá». Ẹ tẹ ìka yín fúnra yín, torí ìka yẹn ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀ nígbà ìdánwò.

Ẹnì kan sì máa wá sọ fún yín pé òun mọ «special centre» kan, tí ìdáhùn ti máa ń wà lójú pátákó. Mi ò ní wàásù. Ẹ kàn rántí pé nígbà tí WAEC bá mú irú ibùdó bẹ́ẹ̀, gbogbo èsì ibẹ̀ ni wọ́n lè dá dúró, ti ẹni tó ṣe màgòmágó àti ti ẹni tí kò ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka 240 wákàtí, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó kúrò lórí àga, ẹ tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà jáde kí ẹ kà á sókè: orúkọ, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlú ìdánwò. Ẹ fi bírò sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí àsìkò àtúnṣe bá kọjá, owó àti ìrìn àjò ló kù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ṣe ìdánwò nílé kí ẹ tó ṣe é níta

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ẹ má kọ́ nǹkan tuntun mọ́. Ẹ mú past question odindi ọdún kan, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbé fóònù fún ẹlòmíì, kí ẹ kọ ọ́ láti òkè délẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n fún un. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ṣọ́ mi, ó sì le ju ẹ̀ṣọ́ WAEC lọ: tí aago bá ti lù, ó ti fa ìwé gbà.

Láti ọdún 2024 ni WAEC ti ń lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò àwọn tí kò sí níléèwé. Ẹ ó tẹ ìdáhùn a, b, c, d sórí kọ̀ǹpútà. Ní ti ìbéèrè elálàyé, orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa kà á, inú ìwé ni ẹ máa kọ ìdáhùn sí. Ẹ ka ìlànà ìdánwò tiyín kí ẹ mọ bó ṣe kàn yín. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò hàn síni àfi téèyàn bá dán an wò: ẹ ò lè fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú àyọkà, ojú ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, èèyàn á sì ṣìnà. Ẹ gbé àyọkà sójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nílé kí ẹ máa dáhùn rẹ̀ sórí pépà, kí ó tó di ọjọ́ náà. Ẹni tí kò di máòsì mú rí, kó lọ lo wákàtí méjì ní káfẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gba 60 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò ilé méjì tó tẹ̀ léra, tí ẹlòmíì máàkì. C6 kò nílò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àyà máa já lọ́jọ́ náà, á sì gbé díẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ ìdánwò, àti èsì

Ẹ lọ wo ibùdó náà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé pátápátá, kì í ṣe nínú àpò, kì í ṣe pé ẹ pa á. Tí wọ́n bá ká fóònù mọ́ yín lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, gbogbo èsì yín lè lọ sí i.

Nígbà tí èsì bá jáde, láti A1 dé C6 ni kírédíìtì. D7 àti E8 kì í ṣe F9, ṣùgbọ́n wọn ò lè mú yín wọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè kírédíìtì. Ẹ̀kẹta tí mo ṣe é, mo rí C5 nínú Ìṣirò àti B3 nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ Government já mi kulẹ̀. Mo ti wò ó ní Ìgbésẹ̀ 1 pé ibi tí mò ń lọ gba ìjókòó méjì, torí náà mo gba NECO oṣù kọkànlá kí n lè fi dí ihò yẹn. Abala Government nínú ìwé àṣìṣe mi ni mo kọ́kọ́ ṣí. Òfìfo ni. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo gbé fún kọ́pà máàkì nínú rẹ̀, torí mo rò pé kíkà lásán á tó.

Ẹ tẹ èsì náà jáde, kí ẹ fi wé ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ tọ́jú. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú orúkọ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ má dúró dìgbà tí yunifásítì á béèrè.